Ọgọ́ta Pọ́ùn

Ẹ̀yìn àpò ìwé owó gáàsì ni mo kọ ọ́ sí
lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, táwọn ọmọ ti sùn:
ọgọ́ta pọ́ùn, ọjọ́ méjì, Lífápúù.
Mo fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀ bíi tíṣà ìṣirò.

Tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè láti Prẹ́stìn, mo ti rà á
ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tó ṣì rọjú,
aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, tí ọmọlúàbí ń hanrun.
Tèmídire ò tíì pé márùn-ún, òun ò sanwó.
Fọlárìn pé mẹ́fà lóṣù tó kọjá;
ó ń yọ̀ pé òun ti dàgbà,
èmi ń ṣírò iye tí àgbà náà ná mi.

Ibùsùn: ilé Gbóyèga, bẹ́ẹ̀dì onífẹ́ẹ́fẹ́.
Mo kọ "ọ̀fẹ́", mo tún pa á rẹ́,
mo kọ "ìrẹsì ọ̀fadà, kóńgò kan".
A kì í mì apá lásán wọlé ọ̀rẹ́.

Oúnjẹ: ẹyin sísè mẹ́fà, búrẹ́dì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́,
jọ̀lọ́ọ̀fù nínú fúláàsì tó ń jò díẹ̀.
Mùsíọ̀mù: wọn ò gbowó.
Ṣọ́ọ̀bù ìrántí tó wà lẹ́nu ọ̀nà mùsíọ̀mù:
kí n gbé Tèmídire sọ́rùn, kí n yára,
kí n máa sọ̀rọ̀ kìnnìún títí a ó fi kọjá.
Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, ìyá mi a máa wí.
Ìyá mi ò mú ọmọ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ìrántí rí.

Mọrẹ́nikẹ́, tó ń múra iṣẹ́ alẹ́ ní ọsibítù,
yọjú lé mi léjìká, ó kà á dé ìsàlẹ̀.
"Níbo," ó ní, "lo kọ òjò sí?"

Mi ò kọ òjò síbi kankan.

Ó bẹ̀rẹ̀ kí a tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.
A sáré wọ mùsíọ̀mù bí adìẹ tó ríwo àwòdì.
Egungun ẹranko ayé àtijọ́, tó ga ju ilé wa lọ:
Fọlárìn wò ó ní ìṣẹ́jú kan, ó tó o.
Lífíìtì ló gbà wọ́n lọ́kàn.
Òkè, ilẹ̀, òkè, ilẹ̀,
ìṣẹ́jú márùndínlógójì gbáko,
bàbá aṣọ́nà kan sì ń kí wọn káàbọ̀
nígbàkígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí,
bí ẹni tí kò rí wọn rí.

Lóru, bẹ́ẹ̀dì onífẹ́ẹ́fẹ́ tú èémí rẹ̀ sílẹ̀
díẹ̀díẹ̀, fíìì, bí arúgbó tó ń rántí nǹkan.
Ní aago méjì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé láàárín
bíi sàdíìnì inú agolo.
Gbóyèga rẹ́rìn-ín láàárọ̀ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, òjò dá. A lọ sétí odò.
Mo béèrè iye tí wọ́n ń gbà nínú ọkọ̀ ojú omi,
mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó ń tà á, mo padà.
A jókòó sórí bẹ́ǹṣì, a ra ọ̀dùnkún díńdín kan,
ẹyẹ òkun kan sì gbà lára rẹ̀ láìtọrọ.
Ọkọ̀ lọ, ọkọ̀ bọ̀. Tèmídire ń juwọ́ sí i.
Àwọn tó wà lókè ọkọ̀ náà juwọ́ padà,
àwọn pẹ̀lú fóònù wọn, àwọn pẹ̀lú àwọ̀tẹ́lẹ̀ òjò.
"Bàbá," ó ní, "wọ́n sanwó kí wọ́n lè wá wò wá."

Mo fẹ́ dáhùn. Ẹyin sísè wà lẹ́nu mi.

Ọjọ́ Ajé dé, ọjọ́ tí wọ́n fi owó sọ lórúkọ.
Pọ́ùn mẹ́rin àti sílè díẹ̀ ló kù lápò ṣòkòtò mi.
Mọrẹ́nikẹ́ rí àpò ìwé náà lórí tábìlì,
ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn,
ó rí i pé mi ò tíì ṣí i.