Agolo Múfútáù

Ní Òkè-Lele, Asímáwù kì í po tíì lásán.
Ó ní ewé tíì ló mọ ìwà wàrà díndín:
òórùn á gba iwájú, iyọ̀ á tẹ̀lé e.
Ti màsà, ata ilẹ̀ ni; kó ta ọ̀fun díẹ̀
kí ṣúgà tó wá bẹ̀bẹ̀.
Ẹ̀wà alẹ́ ń fẹ́ efinrin,
kí inú má baà máa sọ̀rọ̀ lóru.

Ṣùgbọ́n agolo tí Múfútáù fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù,
ewé dúdú wẹ́wẹ́ tó ká kò bí irun ọmọ tuntun,
kò rí ọ̀rẹ́ nínú ilé yìí.
Ó bá àkàrà jà.
Ó dákẹ́ létí ẹ̀kọ.
Tùwó kò tilẹ̀ wò ó.
Ọdún mọ́kànlá lórí pẹpẹ,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àlùkùránì baba wọn.

Lánàá, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbáà tán,
ẹnìkan kan ilẹ̀kùn, àpò lọ́wọ́, irùngbọ̀n ti ń funfun.
Búrẹ́dì ìjẹta nìkan ló kù, ó ti le koko.
Asímáwù gbé omi kaná,
ó fi ọ̀bẹ ṣí agolo tó ti dípẹtà,
kò béèrè nǹkan kan.
Ó kàn ní, “Rún un sínú ẹ̀.
Oúnjẹ rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.”