Ìfábẹ̀lá

Ọbẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ,
ìwọ ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò,
ìwọ tí ń nu etí àwo kí n tó fọ̀ ọ́.
Kò sẹ́ni tó sọ fún ọ lọ́jọ́ ìkómọ
pé ní Grímsbì, létí òkun tútù,
wọn yóò ní kí o dùbúlẹ̀ gbalaja
kí o tẹ wáyà mẹ́fà mọ́ igi lẹ́ẹ̀kan náà
kí ọ̀kankan wọn má ráhùn.

Gìtá Ìṣọ̀lá ni. Ó gbàgbé rẹ̀ sórí kọ́bọ́ọ̀dù
nígbà tó ń kẹ́rù lọ sí yunifásítì ní Abadíìnì,
àbí kò gbàgbé, ó ti sú u ni.
Mo gbé e sọ̀ kalẹ̀ láti nu eruku.
Ọwọ́ mi kan wáyà, wáyà náà dáhùn
bí ẹni tí a jí lójú oorun tí kò bínú.
Mo jókòó.

Oṣù mẹ́jọ rèé.
Ìwé tí mo yá nílé ìkàwé ti kọjá ọjọ́ ìdápadà,
àwòrán inú rẹ̀ kún fún àmì dúdú róbótó
bí ẹ̀wà tí ẹnìkan dà sórí àkàbà.
Mo mọ Éè mainà: ìka méjì péré,
ó ń dún bí òjò tó ṣú lókèèrè.
Mo mọ Síì. Mo mọ Jíì, lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá yá.
Ṣùgbọ́n Éèfù!
Éèfù ni ìyá ọkọ tí kò rí ìkúnlẹ̀ mi.

Ìka wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀lẹ o.
Wọ́n ti di ṣùkú fún odidi agboolé kan ní Ìkirè,
wọ́n ti ṣa òkúta nínú ìrẹsì lábẹ́ àtùpà,
ọdún kọkànlá rèé tí wọ́n ń yọ eegun ẹja
nínú ṣẹ́ẹ̀dì tí yìnyín rẹ̀ kì í yọ́,
ọ̀bẹ ti kọ ilà mẹ́ta sí wọn lára
láìpe olóólà.
Wọ́n á ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á le bí igi ìdáná,
màá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bẹ̀ wọ́n,
màá tún kó wọn lọ bá Éèfù.
Wáyà kìíní: kẹ́.
Ìkejì: fììì, bí eṣinṣin nínú ìgò.
Ìkẹta ò sọ nǹkan kan.

Ìka ò dọ́gba, mo mọ̀, ilé ni wọ́n ti kọ́ mi.
Ta ló sọ fún ẹni tó ṣe gìtá?
Wọ́n ní díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.
Ẹlẹ́dẹ̀ ò ní ọrùn ọwọ́ tó ń ro ó.

Alẹ́ Túsìdeè, ìgbálẹ̀ kan ògiri.
Gbà. Gbà. Gbà.
Béríìlì ni, ìyá àgbà ilé kejì,
tó ń fún ẹyẹ òkun ní búrẹ́dì
tí káńsù ní kó má fún wọn mọ́.
Mo sáré gbé gìtá pamọ́,
mo ń ṣa ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ jọ ní gẹ̀ẹ́sì.
Mo ṣílẹ̀kùn, òun rèé pẹ̀lú sílípáàsì ẹsẹ̀ kan,
ó na ìka mẹ́rin sókè.
“Mẹ́rin ló dún lónìí,” ó ní.
“Mẹ́ta ni lọ́sẹ̀ tó kọjá.
Kí ló dé tóo fi dákẹ́?”

Mi ò mọ̀ pé ẹnìkan ń kà á.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Ìṣọ̀lá pè. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun,
bóyá híítà ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní kí n bá òun ta gìtá yẹn,
owó ilé ti ń sún mọ́.
Mo ní màá wò ó.
Mo fi èjìká há fóònù mọ́ etí,
ọwọ́ òsì mi ti wà lọ́rùn gìtá, ó ń wá ibùsùn.
Ìfábẹ̀lá, dùbúlẹ̀.
Má gbọ̀n. Fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ díẹ̀,
ibẹ̀ yẹn, níbi tí eegun wà.

“Mọ́mì, kí ló dún yẹn?”
Nǹkan ló já bọ́ ní kíṣìnnì, mo ní.
Lódìkejì ògiri,
ìgbálẹ̀ kàn án lẹ́ẹ̀márùn-ún.