K Tí Kò Fọhùn

Kinífù ni mo pè é,
ní kíláàsì kẹrin, ní Òkè-Àdó.
Mísìs Ọdẹ́yalé fi rúlà nà mí lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta:
ọ̀kan fún k, ọ̀kan fún i tí mo fà gùn,
ẹ̀kẹta fún ẹ̀rín tí gbogbo kíláàsì rín.

Mo gbé ọwọ́ wíwú lọ sílé ìtẹ̀wé
níbi tí bàbá mi ti ń to òjé,
lẹ́tà kan, lẹ́tà kan, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà,
láti ẹ̀yìn wá síwájú,
torí òjé kì í kàwé bí èèyàn.

Kò bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́.
Ó kó k méjì sí àtẹ́lẹwọ́ tó ń ta mí.
"Èyí kúrò nínú king. Èyí kúrò nínú knee.
Èwo ló fúyẹ́?"
Mo gbé wọn wò títí. Ọgbọọgba ni.
"Ṣé o rí i? Èyí tí kò fọhùn,
owó òjé kan náà là ń san lórí ẹ̀."

Ó wá gbé ìwé atúmọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí pẹpẹ,
èyí tí ikán ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀.
"Kì í ṣe odi. Ó ti sọ̀rọ̀ rí.
Ẹnu àwọn Gẹ̀ẹ́sì gan-an ló ń pè é ní kinífù
láyé àwọn baba ńlá wọn.
O ò ṣì í pè, Àwẹ̀ró.
Nǹkan bí irinwó ọdún lo fi pẹ́ dé."

Iná lọ. Ó tan àtùpà.
Ó fi ìka tí yíǹkì ti kùn tẹ knight, ó tẹ knave.
"Ọmọkùnrin ni èyí. Ọmọkùnrin ni èyí náà.
Ohun tí wọ́n jẹ́ níbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sí méjì:
ọ̀dọ́ tó wá di ọmọ ọ̀dọ̀,
àmì orí ọ ìkẹyìn nìkan ló yà wọ́n lọ́dọ̀ tiwa.
Ọ̀kan gun ẹṣin tó ń bu omi fún,
ọba fi idà kàn án léjìká.
Èkejì ṣì ń gbálẹ̀ lọ́wọ́
nígbà tí orúkọ rẹ̀ di jàgùdà."

"Kí ló jí?"

Ó pa ìwé dé.
"Ìwé ò sọ."

Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ ìyókù, lẹ́nu ìyá mi,
lọ́jọ́ tí a ń kó ẹrù olóògbé.
Ọmọ méjì ló ń gbálẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé náà rí,
ọyẹ́ kan náà ló gbé wọn dé.
Òjélàbí ti di mọ́gàjí báyìí, ó ní ẹṣin, kò mọ̀ ọ́n gùn.
Múfútáù lo oṣù méje ní Agodi
nítorí àpótí òjé kan tó sọnù.
Ẹnu bàbá mi ni wọ́n ti gbọ́ orúkọ rẹ̀.
Lẹ́yìn oṣù kẹsàn-án, wọ́n sún ẹ̀rọ tó ń gé ìwé:
àpótí jókòó sẹ́yìn ẹ̀, eruku bò ó,
k rẹ̀ pé.

Bàbá mi kò sọ fún ẹnikẹ́ni.
Ogún ọdún. Ó ń to ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn,
láti ẹ̀yìn wá síwájú.

Lónìí mo bọ́ sílẹ̀ ní Yemẹ́tù,
mo béèrè Múfútáù tó ń tún bàtà ṣe.
Ọmọdé kan nawọ́ sí ilẹ̀kùn páànù.
Òjé kan wà nínú pọ́ọ̀sì mi, ó wúwo ju bó ṣe yẹ lọ.
Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Knock.
K ti iwájú kò fọhùn.
Ti ẹ̀yìn dún.

"Ta nìyẹn?"