Ẹni Tó Ni Èéfín

Dókítà ní kí n máa rìn.
"Bàbá, ìrìn díẹ̀ láràárọ̀, kó má le,
ibi tí kò sí òkè, ibi tí kò sí àtẹ̀gùn."
Mo rẹ́rìn-ín. Ogójì ọdún ni mo fi tukọ̀ l'Ẹ́pẹ̀ẹ́,
ẹsẹ̀ mi ò ju ohun tí mo ń ká sábẹ́ ìjókòó lọ.
Apá ló ń rìn fún mi.
Apá òsì náà ti wá kọṣẹ́ báyìí,
ó rọ̀ sílẹ̀ bí àwọ̀n tó gbomi.

Múínátù, ọmọ ọmọ mi, ló ṣáájú,
ó gbé ike omi dání bí ẹni ń lọ Mẹ́kà.
Ó ní ọ̀nà kan wà tó yí gbogbo àbàtà po,
tó ń já padà sẹ́yìn ilé wa.
"Ibi tí a bá ti kúrò náà la ó dé."
Irú ìrìn wo nìyẹn?
Àwọn èrò ọkọ̀ mi ì bá gbowó wọn padà.

Iyanrìn kọ́kọ́ rọ̀ bí èlùbọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀,
lẹ́yìn náà ó di pákó, pákó tí wọ́n tò sórí ẹrẹ̀,
ọ̀kan dún kẹ̀ẹ̀, ọ̀kan dún gbàù.
Akàn fẹ̀gbẹ́ sáré wọ ihò.
Mo ní kó fara balẹ̀,
èmi náà ń fẹ̀gbẹ́ rìn lóde òní.

Ẹ̀gbà na gbòǹgbò sínú omi.
Láti inú ọkọ̀, ògiri dúdú ni mo mọ̀ ọ́n sí,
n ò mọ̀ pé ó ní ẹ̀yìnkùlé,
pé ẹnì kan ń sá aṣọ ọmọ sí i,
pé lékèélékèé tó máa ń fò kọjá lórí mi nírọ̀lẹ́,
ibí ló ń wá sùn.

Mo wẹ̀yìn, mo rí ọ̀sà.
Áà, ó kéré!
Ọ̀sà tó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ Sálínsílé,
tó tún padà wá gba Sálínsílé,
òun ló na gbalaja bí ẹran tó jẹun yó yìí.

Níbi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́rọ̀,
òórùn kan dá mi dúró.
Bí ilẹ̀ bá ṣú mọ́ mi tí mo bá ń ti Èjìnrìn bọ̀,
tí kùrukùru bo iná ìlú,
èéfín kan máa ń gòkè lápá ọ̀tún,
tín-ín-rín, tó ń rùn bí ẹja yíyan.
Òun ni mo máa ń kọ imú ọkọ̀ sí.
Kò já mi kulẹ̀ rí.
N ò sì bèèrè rí pé ta ló ń dáná.

Ìyá kan jókòó síwájú ààrò, ojú rẹ̀ pọ́n,
ó ń yí èpìyà padà lórí wáyà.
Mo kí i. Èéfín há mi lọ́fun, mo wúkọ́.
Ó gbórí sókè wéré.
"Ikọ́ yìí! Ṣé ìwọ lo máa ń wúkọ́ kọjá lórí omi lálaalẹ́?"
Mo ní èmi ni.
"Láti ìgbà tí baálé mi ti lọ pẹja tí kò dé mọ́,
ikọ́ rẹ ni mo fi ń mọ̀ pé ẹnì kan ṣì ń padà bọ̀.
Bí n ò bá tíì gbọ́ ọ, n kì í paná."

Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi, n ò rí i ṣà.
Ráfátù lorúkọ rẹ̀.
Ó fìwé wé èpìyà mẹ́ta fún ọmọ, kò gbowó.
Mo ní èmi gan-an ni mo jẹ ẹ́ lówó.
Ó ní, "Jókòó, sinmi ẹsẹ̀."

A já sẹ́yìn ilé wa lóòótọ́,
lẹ́bàá ọkọ̀ mi tó dojú dé, tí adìyẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀.
Ẹrẹ̀ kún bàtà mi.
Ìyàwó ọmọ mi bèèrè ibi tí a lọ.
Múínátù ní, "A ò lọ síbì kankan. A kàn yí po ni."

Nígbà tó dalẹ́, mo gbé àga síta.
Èéfín yẹn gòkè.
Mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan,
bẹ́ẹ̀ ọ̀fun ò sì yún mi.