Òṣùwọ̀n Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń pè é. Ta ni mo ṣẹ́gun?
Mo bọ́ bàtà, mo bọ́ ìborùn, mo tilẹ̀ bọ́ yẹtí,
mo gun òṣùwọ̀n ilé ìwòsàn ní Pápá,
mo sé èémí, bí ẹni pé èémí náà wúwo.
Nọ́ọ̀sì Sùwébátù tẹ̀ba wo abẹ́rẹ́ rẹ̀:
"Kílò mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún, Ìyá Àlímọ̀. Bó ṣe wà náà ló wà."
Ọ̀sẹ̀ karùn-ún rèé tí abẹ́rẹ́ yẹn jókòó síbẹ̀
bí àlejò tó jẹun tán, tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú.

Ẹ má bi mí ní ohun tí mo ti fi sílẹ̀.
Mo fi ṣúgà sílẹ̀, ó ń pè mí lórúkọ láti inú agolo.
Mo dín ẹ̀bà kù títí Àlímọ̀ fi wo àwo mi,
ó ní, "Màmá, ṣé ti ológbò ni?"
Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kí oòrùn tó yọ lójú ọ̀sà,
mo ń rìn láti Òkè-Òyìnbó dé etí omi,
orúnkún mi ń kùn sí mi lọ́nà,
àwọn ọ̀dọ́ tó ń tú àwọ̀n ń kí mi:
"Ìyá aránṣọ, ta ló ń lé yín?"
Èmi ni mo ń lé ara mi; ọwọ́ mi ò tíì bà á.

Ọdún kejìlélógún rèé tí téèpù ti wà lọ́rùn mi.
Mo mọ ìbàdí àwọn obìnrin Ẹ̀pẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan,
mo mọ ẹni tó ń purọ́ pé òun ò sanra sí i,
mo ń fi ínǹṣì méjì bo àṣírí rẹ̀, mi ò sọ.
Ṣùgbọ́n mi ò wọn ara mi rí.
Ta ni yóò bo tèmi?

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo ra àkàrà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà,
mo jẹ ẹ́ ní ìdúró, nínú òkùnkùn, bí olè.
Ó dùn. Mi ò ní parọ́ fún yín.

Bàbá Músédíkù tó ń kan ọkọ̀ ojú omi
ló bá mi lọ́jọ́ kejì níbi tí mo jókòó sí, tí mi ò rìn.
Kò bi mí léèrè. Ó nawọ́ sí ọ̀sà.
"Ewéko tó bo ibí yìí lẹ́yìn òjò,
tí ọkọ̀ ò rọ́nà gbà, tí àwọ̀n ń ya,
ta ló rí ọjọ́ tó lọ?"
Mi ò rí i. Iyọ̀ òkun ló ń yọ́ wọlé nígbà ọyẹ́,
ewé ṣì tutù bí ti àná,
gbòǹgbò ti ń kú nísàlẹ̀.
Bàbá ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó padà sídìí pákó rẹ̀,
ó ń fá a, fẹ́lẹ́ fẹ́lẹ́,
èérún igi ń bọ́ sí i lẹ́sẹ̀,
ohun tó ń kàn ò sì tíì jọ ọkọ̀.

Mo dìde. Mo rìn dé ìdajì, mo padà sílé.

Ọjọ́ Ẹtì, mo ń fọ ẹja.
Òrùka tí Tàjú fi sí mi níka
ti há síbẹ̀ láti ìgbà oyún Àlímọ̀:
ọṣẹ ò bọ́ ọ, òróró ò bọ́ ọ,
alágbẹ̀dẹ wúrà ní àfi kí òun gé e.
Mo gbọ́ "kọ́ọ́" nísàlẹ̀ abọ́.
Mo tọwọ́ bọ omi ẹ̀jẹ̀, mo wá a láàrin ìpẹ́,
mo wọ̀ ọ́, mo bọ́ ọ, mo tún wọ̀ ọ́, mo tún bọ́ ọ.
Tàjú yọjú: "Kí ni mo ṣe, tí o fi ń bọ́ òrùka mi?"
Mo rẹ́rìn-ín títí ẹja fi yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tún ń bọ̀.
Bóyá mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún náà ni. Mo ń lọ.
Mo ti fi òwú wé inú òrùka náà kó má baà sọnù,
bí mo ṣe máa ń gba ẹ̀gbẹ́ aṣọ sínú
fún oníbàárà tó bá rù.