Àgbo Lẹ́nu Díìsì

Sàmárù, ní Sáríà, oṣù Kejìlá. Ọyẹ́ ti dé.
Eruku jókòó sórí bọ́tìnnì bí àlejò tí kò ní ilé;
mo fi etí ìró nù ún, ó tún padà wá jókòó.
Kọ̀ǹpútà mẹ́ta, yàrá ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ irúgbìn,
arúgbó ni gbogbo wọn, wọn kò mọ àwòrán yà:
ojú dúdú, lẹ́tà aláwọ̀ ewé.
Mọ ohun tí o fẹ́ sọ, sọ ọ́, kí o dákẹ́.

Òjò ogójì ọdún wà nínú wọn,
ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, òmíràn ti kú.
Wọ́n ní kí a kó o kúrò kí díìsì tó bà jẹ́.
Màlámù Gámbo bi mí pé, "Ìyá Morẹ́nikẹ́,
èwo ló yára jù nínú wọn?"
Mo ní a kì í bi ẹsẹ̀ léèrè, a máa ń ní kó rìn ni.

Mo tẹ d. Mo tún tẹ d. Lẹ́tà méjì péré.
Mo ní kí ẹ̀rọ lọ sí kànga òdo
kó pọn òfo wá, ọgọ́rùn-ún mẹ́gábáìtì òfo,
kó dà á sínú díìsì.
Gámbo di aago ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń kà lábẹ́ ahọ́n ní Haúsá.

Àkọ́kọ́ ń kùn bí ọlọ tí ń lọ ata gbígbẹ.
Àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá.
Èkejì, méjìlá.
Ẹ̀kẹta, èyí tí wọ́n rà kẹ́yìn,
kí Gámbo tó sín tán ó ti parí:
ìṣẹ́jú àáyá méjì!
Ó pàtẹ́wọ́. Èmi kò pa á.

Mo ti tọ́ ọmọ rí.
O fún un lágbo, ó ní òun ti gbé e mì,
ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì wú.
Mo tẹ àṣẹ "sync" lẹ́ẹ̀mẹta,
bí ọ̀gá mi ti kọ́ mi ní Ìlọrin:
gbé e mì, gbé e mì, mo ní kí o gbé e mì!
Iná pupa kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú,
ó ń ṣẹ́jú, ó ń ṣẹ́jú,
títí aago fi dé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

"Opùrọ́ ni!" ni Gámbo wí.
Mo ní rárá, ojúgun ló ń dùn ún.
A tú u, a gbé díìsì rẹ̀ sínú èkejì,
ó sì sáré, mẹ́sàn-án péré.
Ẹṣin kò lọ́ra, iyanrìn ló jìn:
wáyà inú ilé rẹ̀ ni eku ti jẹ létí.

Iná lọ ní agogo mẹ́rin. Jẹnẹrétọ̀ kọ̀,
ó kọ̀, ó gbà.

Inú àkọ́kọ́, onílọ̀ọ́ra, ni òjò wà.
Gígábáìtì méjì, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àti díẹ̀.
A jẹ ẹ̀pà, a gbọ́ bó ṣe ń lọ ata rẹ̀.
Nígbà tó kù díẹ̀, Gámbo rọra sọ pé,
"Bá mi wo ọjọ́ tí wọ́n bí mi.
Ìyá mi ní òjò alẹ́ ọjọ́ náà wó ògiri ilé ìdáná."
Ó dárúkọ ọjọ́ náà. Oṣù Kẹjọ. Mo wá a.

Òdo.

Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó bú sẹ́rìn-ín
títí ẹ̀pà fi dà sílẹ̀:
"Ẹni tó yẹ kó wọn òjò,
òjò ló dá a dúró sílé!"

Mo wo òdo náà lórí díìsì tuntun,
nọ́ńbà kan ṣoṣo,
ó ti kọjá kí a tó mọ̀,
kò sí aago tó ká a mọ́ ọ̀nà.