Ọṣẹ

Ní ilé ìwòsàn Múrùn, ní Mongolia,
Nọ́ọ̀sì Oyuun so ọ̀já ìfúnpá mọ́ apá bàbá mi,
ó fi afẹ́fẹ́ kún un, ó ní ká máa wò ó.
Ìṣẹ́jú kan. Èkejì. Ní ẹ̀kẹta
ọwọ́ tó ti ń fún wàrà màlúù onírun láti kékeré
ká kò, ó ṣù bí ẹnu ẹyẹ,
kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́.

“Iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dàrú,” ni Dókítà Galsan wí.
Ẹ̀yà kan wà lẹ́yìn àpòlúkù
tí omi rẹ̀ ń bá wa lọ oúnjẹ;
òun ló yíjú padà, tó ń jẹ ilé tó ń gbé.
Ọ̀rá inú yọ́, ó fa kálísíọ́mù mọ́ra,
àwọn méjèèjì di ọṣẹ.
Ọṣẹ nínú ikùn!
Ọṣẹ tí kò fọ nǹkan kan,
tó kàn ń ṣọṣẹ́.

Wàrà ni èmi ń rò:
gbogbo garawa tó gbé kọjá lórí yìnyín,
wàràkàṣì tí a sá sórí àgọ́,
ibo ni ẹfun inú wọn wọlẹ̀ sí?

Wọ́n ń dá a padà láti ẹnu abẹ́rẹ́,
díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bẹ̀ ẹ́.
Lóru, àtàǹpàkò ló kọ́kọ́ ṣí.
Ó ní ta ló wà lọ́dọ̀ àwọn màlúù.